Ọmọ Tó Fẹ́ Kúrò ní Ṣọ́ọ̀bù Lọ Ṣe Graphic Design

Ohùn mẹ́fà ni arákùnrin wa láti Jos fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, nítorí àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá nílò rẹ̀.

Ohùn 1

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ kú ọjà òní, a ó máa rí tà o. Ẹ má bínú sí ariwo tó wà lẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ni. Láti àná ni wọn ò ti fún wa ní iná.

Alága ní kí n dá màmá wa kan lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí gúrúùpù lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ó rántí wọn, màmá tó ń ta ike àti abọ́ ní Minna. Wọ́n ní ọmọkùnrin àwọn tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dún tó kọjá ti sọ pé òun ò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, pé graphic designer lòun fẹ́ dà, kí wọ́n ra laptop fóun. Iye tọ́mọ náà dárúkọ, wọ́n ní òun gan-an ni owó tí àwọn fẹ́ẹ́ fi lọ kó ọjà ọdún ní Kano. Ìbéèrè wọn ò gùn: ṣé iṣẹ́ lèyí, àbí ọmọ àwọn kàn ń sá fún òòrùn?

Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ dá wọn lóhùn. Ẹnì kan ní kí wọ́n tètè rà á, pé ọmọ àbúrò òun ní Port Harcourt, dọ́là ló ń gbà báyìí. Bàbá wa kan ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, pé ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ kò yàtọ̀ sẹ́ni tó ń ta ayò. Ẹ forí jì mí, mi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú méjèèjì. Iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣe láti nǹkan bí ogún ọdún. Òun ni mo fi gbéyàwó, òun ni mo fi ń san owó ilé ìwé. Iṣẹ́ ni o, màmá. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra laptop. Ẹ jẹ́ kí owó ọjà ṣì lọ sí Kano ná. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Ohùn 2

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Jos ni wọ́n bí mi sí. Ẹ mọ̀ pé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbí, láti ayé àwọn tó bá rélùwéè wá nígbà tí wọ́n ń wa tánńganran lórí òkè. Bàbá mi ń ta mílíìkì, ṣúgà, tíì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ọjà ńlá tó wà ní Terminus. Oṣù kejì ọdún 2002 lọjà yẹn jóná. Àwọn tó wà nílùú nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń wí. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lápò bàbá mi, ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ti deérú.

Owó ilé ìwé dìṣòro. Ìyá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin àgbà mọ irú èyí tí mò ń sọ, ti búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà lára páànù. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, búrọ́ọ̀ṣì ni mò ń fọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá fún mi ní ẹfun àti okùn pé kí n máa fa ìlà. Bí mo bá fa ìlà tán, wọ́n á ní kí n fẹ̀yìn rìn dé òdìkejì títì, kí n sọ ohun tí mo rí látibẹ̀. Mo máa ń rò pé wọ́n kàn ń yọ mí lẹ́nu ni.

Kò pẹ́ ni bánà flex dé. Ohun tí ọ̀gá mi ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán. Iṣẹ́ ọ̀gá ń dínkù, títí wọ́n fi kó búrọ́ọ̀ṣì sínú gálọ́ọ̀nù, wọ́n ra ọ̀kadà, achaba tiwa níbí, wọ́n ń fi gbérò. Èmi bá ya ilé atẹ̀wé lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ CorelDRAW, lórí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n máa ń ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí fáànù tábìlì máa fẹ́ sí i kó má baà kú. Àwọn ọmọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn rí jágbajàgba. Wọ́n á kó nǹkan kún ojú bébà bí ìgbà téèyàn ń di ẹrù sínú mọ́tò ilé lásìkò ọdún. Èmi tí mo ti ń fẹ̀yìn rìn dé òdìkejì títì, mo mọ̀ pé ojú ò lè gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ n má parọ́ o, èmi náà ṣì ṣe irú rẹ̀. Bàbá mi ti gba ṣọ́ọ̀bù tuntun létí títì nígbà yẹn, mo wá ṣe bánà fún wọn láti fi dá wọn lọ́lá. Mo kọ orúkọ wọn. Mo kọ ohun tí wọ́n ń tà, oríṣi 17. Mo fi fọ́tò wọn tí wọ́n wọ agbádá sí i, mo fi òdòdó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi òjìji sẹ́yìn gbogbo lẹ́tà. Bàbá mi wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta lo fẹ́ kó kà á?" Mo ní àwọn oníbàárà ni. Wọ́n ní, "Oníbàárà mi tó wà lórí achaba? Kó tó ka ìlà kejì, ó ti dé Bauchi Road. Kí ni mò ń tà jù?" Mo ní mílíìkì àti ṣúgà. "Mílíìkì dà níbẹ̀?" Mílíìkì wà níbẹ̀ o. Ó wà lábẹ́ apá agbádá wọn, kò ju èékánná lọ.

Mo tún un ṣe. Agolo mílíìkì ńlá kan, orúkọ wọn, àti ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ní páálí. Kò sí fọ́tò bàbá mi níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kadà fi ń júwe ọ̀nà pé "já mi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù olómílíìkì".

Ibi tí mò ń lọ rèé. Bàbá mi ò mọ CorelDRAW, wọn ò sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó ń rà, wọ́n mọ ohun tó ń wá, wọ́n mọ bó ṣe ń kọjá. Ìmọ̀ yẹn ni iṣẹ́ wa dúró lé, kọ̀ǹpútà kàn ń bá wa gbé e jáde ni. Ọmọ màmá wa tó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti kékeré, ìmọ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kàn mọ̀ pé òun ní in ni. Ó mọ̀ pé oníbàárà wa níhìn-ín kì í fi gbogbo ìgbà dárúkọ ọjà. Hausa á ní "ba ni mai kaza", ìyẹn, fún mi ní aládìyẹ, nítorí àwòrán adìyẹ tó wà lára rẹ̀. Yorùbá á ní "aláwọ̀ ewé yẹn, kì í ṣe èyí". Mo ti rí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní kíláàsì tán tí ìyẹn ò tíì yé, tí wọ́n á ya páálí kan dáadáa, tí oníbàárà ò ní rí ohun tó máa fi pè é.

Ohùn 3

Bí wọ́n ṣe máa ṣe é rèé. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Canva wà, PixelLab wà, ọ̀fẹ́ lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Kó fi káàdì ọjọ́ ìbí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ná. Kó mú ọjà mẹ́wàá nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, kó kọ sínú ìwé ìdí tọ́wọ́ oníbàárà fi ń kọ́kọ́ lọ sí ọ̀kan ju èkejì lọ. Kó wá ṣe àwòrán ọjà pẹ̀lú iye owó rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ lè gbé sórí status WhatsApp. Bí àwọn èèyàn bá pè, kó ka iye wọn. Bí wọn ò bá pè, kó tún un ṣe. Ìyá rẹ̀ loníbàárà àkọ́kọ́. Ẹ má sì ṣàánú rẹ̀ o, màmá. Ẹ bi í ní irú ìbéèrè tí bàbá mi bi mí.

Bó bá ṣe ìyẹn fún oṣù méjì tí kò sú u, kó lọ ilé atẹ̀wé. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n á fún un ní sàtífíkéètì. Ilé atẹ̀wé gidi, tí ọwọ́ ti ń dọ̀tí. Oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yé èèyàn.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹ̀ wò. Iná ni fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, iná pupa, ti ewé àti ti búlúù. Tàdáwà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ṣe tirẹ̀, mẹ́rin ni: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí iná lè ṣe ni tàdáwà lè ṣe. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yanranyanran lójú fóònù, tó bá dé orí bébà, ó di ewé gbígbẹ. Oníbàárà á ní ẹ ti rẹ́ òun jẹ. Ẹni tó ti gbé ilé atẹ̀wé á ti yí iṣẹ́ rẹ̀ sí CMYK látìbẹ̀rẹ̀, á sì fi ẹyọ kan orí bébà han oníbàárà kó tó tẹ ẹgbẹ̀rún.

Etí bébà náà wà ńbẹ̀. Abẹ tó ń gé bébà kì í gún régé lójoojúmọ́. Nítorí náà, àwọ̀ tó bá máa dé etí gbọ́dọ̀ kọjá etí ní mìlímítà 3 yíká. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, funfun á yọ bíi yẹ̀rì tó yọ lábẹ́ ìró. Àwòrán tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé tàbí sára páálí, 300 ni kí dpi rẹ̀ jẹ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò tí oníbàárà kàn fi WhatsApp ju ránṣẹ́, WhatsApp ti fún un kù lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá wá fẹ̀ ẹ́, á rí ṣákaṣàka. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Lógò ńkọ́, kó má fi Photoshop yà á. CorelDRAW, Illustrator, tàbí Inkscape tó jẹ́ ọ̀fẹ́, èyíkéyìí nínú wọn, torí lógò kan náà ló máa wà lára bíírò, òun náà ló máa wà lára tírélà, kò sì gbọ́dọ̀ fọ́.

Ohùn 4

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹbí ni wá níbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Jos rí mọ acha, ọkà wẹ́wẹ́ bí iyanrìn tí wọ́n ń gbìn lórí òkè wa. Màmá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ òkúta inú rẹ̀, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Èkó. Wọ́n ní kí n ṣe sítíkà fún wọn, 3,000. Nọ́ńbà fóònù wọn, wọ́n pè é fún mi lórí fóònù, èmi ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo ṣe iṣẹ́ tán, ó dùn mí nínú. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n wà lọ́jà, oníbàárà dúró níwájú wọn, wọ́n ní "ó dáa, tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n pè mí. Wọn ò gbóhùn sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé nọ́ńbà mi ló wà lórí nǹkan yìí?" Nọ́ńbà kan péré ni mo ṣì tẹ̀. 6 ló yẹ kó jẹ́, 9 ni mo fi síbẹ̀. Sítíkà ti wà lára ẹrù tó ti dé Ìbàdàn. Ẹ wá gbọ́ o, nọ́ńbà tí mo tẹ̀ yẹn, nọ́ńbà èèyàn ni. Awakọ̀ kan ní Gombe ló ni ín. Tàárọ̀ tọ̀sán ni wọ́n ń pè é láti Ìbàdàn, "ẹ kú iṣẹ́ o, èló lẹ̀ ń ta acha?" Ọkùnrin yẹn á fi Hausa bú wọn, àwọn yẹn á rò pé ọkọ màmá ló ń bú àwọn. Ẹ̀rín là ń fi rín lónìí. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, mi ò lè jẹun. Oníbàárà mẹ́ta tí màmá ti ń wá láti bí ọdún kan, wọn ò padà wá.

Ta ló jẹ̀bi? Mo lè sọ pé àwọn ló ní kí n tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi nílé atẹ̀wé sì ní kí n dúró lórí ìyẹn kí n má san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí màmá mọ̀ ni acha. Èmi ni mo ń pe ara mi lónímọ̀ ìtẹ̀wé. Mo fi owó ara mi tẹ 3,000 mìíràn. Gbèsè bébà yẹn, oṣù mẹ́rin ni mo fi san án, díẹ̀díẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ṣì ń bá mi jà sí i títí dòní pé mo ba ọjà jẹ́, pé oníbàárà tó bá ti fọwọ́ sí i ló ni àṣìṣe rẹ̀. Mo gbọ́ wọn. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, máa tún un san.

Láti ìgbà yẹn, bí mi ò bá tíì pe gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí iṣẹ́, iṣẹ́ ò lọ sórí ẹ̀rọ. Bébà ni mo máa ń wò pè é, mi ò kì í pè é láti inú orúkọ tó wà nínú fóònù mi, kí n lè gbọ́ ohùn ẹni tó gbé e. Orúkọ, ọjọ́, nọ́ńbà bánkì, oníbàárà á ka gbogbo rẹ̀ sókè fún mi, á sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pé "mo ti kà á, ẹ tẹ̀ ẹ́". Bí wọ́n bá wà lọ́jà, mo ń dúró dalẹ́. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ohun tó ń kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya róbótó.

Màmá alácha ṣì ń gbéṣẹ́ fún mi. Wọ́n ti kúrò ní sítíkà, ọ̀rá tí wọ́n tẹ nǹkan sí lára ni wọ́n ń lò báyìí. Ìyẹn tún le jù. Irin rólà ni wọ́n ń gbẹ́ fún irú ọ̀rá yẹn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní rólà tirẹ̀. Bí àṣìṣe bá wọ ibẹ̀, irin lẹ máa san.

Ohùn 5

Mo fẹ́ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Àwa tá a ń ṣiṣẹ́ yìí lókè Ọya, èdè mẹ́ta là ń kọ lóòjọ́. Hausa ní ɓ, ó ní ɗ, ó ní ƙ. Ìkọ́ kékeré tó wà lára wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ƙasa ni ilẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè. Tẹ́ ẹ bá yọ ìkọ́ kúrò, kasa ni, kí nǹkan kọjá agbára ẹni. Ẹ wá fi ìyẹn sára pátákó olóṣèlú, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe máa lé yín. Yorùbá tiwa náà rèé, ẹ, ọ àti ṣ, pẹ̀lú àmì lórí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà ni ò ní wọn. Àpótí òfìfo ló máa jáde, tàbí kí ọ ti inú fọ́ǹtì mìíràn wá, kó jókòó sáàárín àwọn yòókù bí àlejò tí wọn ò pè. Fọ́ǹtì Noto tó wà lórí Google Fonts ní gbogbo rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ọmọ tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n kọ. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ń wá ẹni tó lè ṣe ìwé ìnáwó òkú àgbà láìba oríkì jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tó pọ̀ nínú oníbàárà mi.

Owó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, 500 náírà ni mò ń gbà lórí iṣẹ́ kan. Oníbàárà á jókòó tì mí látàárọ̀, "sún un sọ́tùn-ún, rárá, dá a padà, fi pupa sí i." Báyìí, ìdajì owó á kọ́kọ́ wọlé. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó náà, ẹ̀kẹta ní owó tirẹ̀. Fáìlì tó mọ́ á jáde nígbà tówó bá pé. Kó tó pé, èyí tó ní orúkọ mi gbàràgàdà láàárín ni wọ́n máa rí. Oníbàárà tó bá torí ìyẹn sá lọ, kò ní in lọ́kàn láti sanwó tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń pa àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí jù kì í ṣe oníbàárà, owó ìtẹ̀wé ni. Oníbàárà á kó owó iṣẹ́ àti owó ìtẹ̀wé wá pọ̀. Ọmọ á rí owó ńlá lọ́wọ́, á mú nínú ti atẹ̀wé ra bàtà, pé tí iṣẹ́ mìíràn bá dé òun á dí i. Ẹ̀yin ọlọ́jà, kò yẹ kí n ṣàlàyé fún yín bí ìyẹn ṣe ń parí. Àkántì méjì láti ọjọ́ kìíní. Kí owó atẹ̀wé àti owó oúnjẹ má pàdé.

Bí oníbàárà bá yọ ibi tó dùn mọ́ ọmọ nínú jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó gbà. Bàbá Taiwo Akinkunmi tó ya àsíá Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn pupa ni wọ́n yà sáàárín funfun. Àwọn tó mú iṣẹ́ wọn yọ oòrùn kúrò. Èyí tó kù là ń gbé sókè láti 1960.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ gbà. Ẹnì kan á gbé páálí ilé iṣẹ́ olókìkí wá, á ní "ṣe é kó jọ èyí, kàn yí lẹ́tà kan padà." Tàbí kó ní kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà NAFDAC ọjà ẹlòmíì sí i ná, pé tòun ń bọ̀ lọ́nà. Owó tí irú wọn ń gbé wá máa ń pọ̀ ju ti gbogbo èèyàn. Àwa ọlọ́jà lẹ̀tẹ́ rẹ̀ ń padà bá. Ayédèrú yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n ti máa bá a. Mo ti lé irú wọn padà lọ́jọ́ tí mi ò ní owó gáàsì nílé, ìyàwó mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Báwo loníbàárà ṣe ń wá? Ẹ wo Lemi Ghariokwu tó ya èèpo àwo Fela, 26 ló yà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, òun ló kọ́ ara rẹ̀. Àwòrán Bruce Lee kan tó yà ni wọ́n gbé kọ́ sí ilé ọtí kan ládùúgbò wọn l'Ékòó. Oníròyìn kan rí i níbẹ̀, ó ní kó ya Fela wò, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Fela. Nígbà tí Alagbon Close jáde ní 1974, iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lójú èèpo, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kí iṣẹ́ ọmọ wà níbi tójú ti máa rí i, ìyẹn ṣe pàtàkì ju kó máa pariwo pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ti dọ́là, kò parọ́, àwọn tó ń gbà á wà. Ṣùgbọ́n lórí Fiverr àti Upwork, ọmọ Pakistan ń dúró, ọmọ Bangladesh ń dúró, gbogbo wọn ló mọ kọ̀ǹpútà. Kó ní iṣẹ́ bí ogún tó dúró dáadáa tó lè fi hàn kó tó lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ AI tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ náà ti dé. Mò ń lò ó fún àwòrán ẹ̀yìn. Àmọ́ bí mo bá ní kó kọ Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó ń kọ fún mi, mi ò lè pè é.

Ohùn 6

Laptop wá ńkọ́? Bó bá ti lo bí oṣù mẹ́ta nílé atẹ̀wé, tí ọ̀gá ibẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ń yá, nígbà yẹn ni. Àlòkù dáa. RAM 8GB, kó má dín, kó jẹ́ SSD, kí bátìrì rẹ̀ gbé tó wákàtí mẹ́ta torí iná wa. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín lọ rà á. Kí ọmọ fi owó iṣẹ́ orí fóònù rẹ̀ mú ìdajì wá, ẹ̀yin ẹ fi ìdajì yòókù kún un. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ẹ ò lówó. Ẹni tó bá mú ìdajì wá kì í gbàgbé laptop sínú kẹ̀kẹ́ márúwá.

Kó má sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí ọjà bá kún, kó wá dúró. Àwọn tó ń wá ra abọ́ lọ́wọ́ yín, aláṣè wà nínú wọn, olóúnjẹ wà nínú wọn, àwọn tó máa nílò bánà lọ́la ni. Níbo ló tún ti fẹ́ rí wọn?

Màmá, kó ṣe àwòrán ọjà àkọ́kọ́, kó fi ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Gẹ́gẹ́ bíi document o. Màá sọ òótọ́ fún un, kó má bínú.

Bàbá wa tó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, mo ń kí yín o, ẹ kú àgbà. Ẹ dákun, ẹ ya fọ́tò káàdì ṣọ́ọ̀bù yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, kí n wo ẹni tó máa gbé e.